Ilé-Iṣẹ́ Mẹ́rin, Àìsàn Kan

Ẹni tó ń kó aṣọ kúrò lórí okùn, kó rọra kó o tán. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kò ní sá lọ. Ọ̀rọ̀ owó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ọjà Bódìjà. Owó àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè wá oògùn ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní ilé-iṣẹ́ báyótẹ́ẹ̀kì.

Àìsàn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé àìsàn náà kò ṣàjèjì ní agbo ilé wa: fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kàn ń pè ní SS. Nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lágbàáyé, kò sí orílẹ̀-èdè tí tirẹ̀ pọ̀ tó ti Nàìjíríà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú sí nǹkan bí 150,000 ọmọ lọ́dọọdún, ní Nàìjíríà nìkan.

Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ni a ó yẹ̀ wò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì wá oògùn sí àìsàn yìí. Ọ̀kan ta ara rẹ̀ ní owó ńlá, ọ̀kan ta ara rẹ̀ ní ọ̀pọ̀, ọ̀kan wọko gbèsè, ọ̀kan ṣì dúró digbí. Ẹnikẹ́ni ló lè rò pé bí oògùn kálukú ṣe dára sí ló pín wọn níyà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti èyí tó tètè rówó kúrò lọ́nà. Ilé-iṣẹ́ Global Blood Therapeutics, ní South San Francisco ní ìpínlẹ̀ California, ló ṣe oògùn oníhóró kan tó ń jẹ́ Oxbryta. Ní oṣù kọkànlá 2019, àjọ FDA, tó ń ṣe ní Amẹ́ríkà irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe lọ́dọ̀ wa, fún un láṣẹ. Ọgbọ́n òwò wọn kò lọ́jú pọ̀: gbé oògùn kan dé orí àtẹ, kí ilé-iṣẹ́ ńlá tó lówó lọ́wọ́ sì rí i. Ní 2022, Pfizer rí i, ó sì rà wọ́n tilé-tọ̀nà ní bílíọ̀nù 5.4 dọ́là. Àwọn tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà gba owó wọn, wọ́n lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹsàn-án 2024, Pfizer kó Oxbryta kúrò lórí àtẹ káàkiri ayé. Àwọn ìdánwò tí wọ́n ṣì ń ṣe fi hàn pé àwọn kan tó ń lò ó ń kú ju bó ṣe yẹ lọ, ìrora tí wọ́n sì ní kí oògùn dín kù kò dín. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìdánwò náà ti wáyé.

Bí ẹ bá bi ẹni tó ní ìpín nínú Global Blood, yóò ní iṣẹ́ náà yọrí. Ẹ wá bi ìyá tó ń fún ọmọ rẹ̀ ní oògùn náà láràárọ̀. Mo sọ èyí kí a tó lọ jìnnà, torí pé àwọn oníròyìn ètò ọrọ̀ ajé máa ń da méjèèjì pọ̀: wọ́n á ní ilé-iṣẹ́ kan ṣe dáadáa, àwa náà á sì rò pé oògùn rẹ̀ ló ṣe dáadáa.

Báwo tilẹ̀ ni irú ilé-iṣẹ́ báyìí ṣe ń jẹun? Oníbúrẹ́dì ń tà lónìí, ó ń fi owó rẹ̀ ra ìyẹ̀fun lọ́la. Ilé-iṣẹ́ báyótẹ́ẹ̀kì lè lo ọdún mẹ́wàá, kó tún lé, láìta ohun kan. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ń sanwó fún àwọn onímọ̀, ó ń ra èlò sí yàrá ìwádìí, ó ń sanwó fún ilé ìwòsàn tó ń dán oògùn wò lára ènìyàn. Nínú oògùn mẹ́wàá tó bá wọ inú ìdánwò lára ènìyàn, nǹkan bí ẹyọ kan ló ń gba àṣẹ. Nítorí náà, owó tí ilé-iṣẹ́ ń ná kì í ṣe èrè rẹ̀. Owó àwọn tó ra ìpín ni, tàbí owó tí ilé-iṣẹ́ tó jù ú lọ ti san sílẹ̀ de èrè tó ń bọ̀. Genentech ló la ọ̀nà kejì yìí. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1976. Nígbà tó fi máa di 1978, wọ́n ti mú kí bakitéríà máa ṣe ínsúlíìnì ènìyàn fún wọn. Àmọ́ wọn ò kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá láti máa tà á. Eli Lilly, tó ti ń ta ínsúlíìnì tipẹ́, ni wọ́n gbé e fún. Lilly gba àṣẹ ọjà ní 1982, Genentech jókòó, ó ń gba ìdá tirẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró, ẹ má wulẹ̀ wá èrè nínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ẹ wo iye tó ní ní báǹkì, kí ẹ fi iye tó ń ná lóṣù pín in. Oṣù tó bá jáde níbẹ̀ ni oṣù tó kù fún un kó fi rí nǹkan ṣe.

Irú ìṣirò yìí ló mú bluebird bio. Massachusetts ni ibùdó rẹ̀, 1992 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ìmọ̀ tí wọ́n ní jinlẹ̀. Wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì lára aláìsàn, sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn egungun tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá; wọ́n á fi àbùdá tó pé kún un, wọ́n á sì dá a padà sára ẹni tó ni ín. Ẹ̀jẹ̀ tó máa ń tẹ̀ bí dòjé, tó ń há sínú iṣan, kò ní máa tẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 2018, àwọn oníṣòwò ìpín ní Amẹ́ríkà ka ilé-iṣẹ́ yìí sí ohun tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là, bẹ́ẹ̀ kò tíì ta oògùn kankan.

Ní 2019, Yúróòpù fún wọn láṣẹ láti fi ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Zynteglo wo àìsàn ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní talasíímíà. Mílíọ̀nù 1.575 yúrò ni wọ́n pè é fún aláìsàn kan. Wọ́n ní kí wọ́n pín owó náà san fún ọdún márùn-ún, àti pé bí ìtọ́jú náà kò bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n má san ìyókù. Àbá tó dára ni, lójú tèmi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sanwó ìwòsàn ní Jámánì ò gbà, ìdúnàádúrà fọ́, nígbà tí 2021 sì máa fi parí, bluebird ti kẹ́rù kúrò ní Yúróòpù pátápátá. Lóṣù kejì ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti dá ìdánwò oògùn SS wọn dúró nítorí pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ bá ẹnì kan tó ti gba ìtọ́jú náà. Ìwádìí padà fi hàn pé ó ṣòro kó jẹ́ oògùn náà ló fà á, àmọ́ oṣù ti lọ, owó sì ń lọ.

Ibi tí mo gbà pé wọ́n ti ṣi ẹsẹ̀ gbé ni oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Wọ́n pín ilé-iṣẹ́ sí méjì. Apá tó ń wá oògùn jẹjẹrẹ yà lọ, ó di 2seventy bio, ó sì kó oògùn Abecma lọ, èyí tí wọ́n ń bá ilé-iṣẹ́ ńlá kan tà pa pọ̀, tó sì ti ń mówó wọlé. Àwọn tó ń gba ilé-iṣẹ́ nímọ̀ràn fẹ́ràn irú ìpínyà yìí. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí kálukú gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó kù sílé pẹ̀lú oògùn tí owó ṣíṣe rẹ̀ ga jù, tí ọjà rẹ̀ ò tíì ṣí, kí ló fẹ́ máa jẹ?

Ìwé àṣẹ kan ni wọ́n ń tà jẹ. Ẹ gbọ́ ná, nǹkan ìyanu ni. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ṣe oògùn fún àìsàn ọmọdé tí kò wọ́pọ̀, FDA lè fún un ní ìwé kan tó máa jẹ́ kí wọ́n yára yẹ oògùn mìíràn wò. Òfin gbà kó ta ìwé náà fún ẹlòmíràn. bluebird rí méjì gbà, ó ta ọ̀kan ní mílíọ̀nù 102 dọ́là, ó ta èkejì ní mílíọ̀nù 95. Wọ́n wá fi ọkàn sí ẹ̀kẹta. Kódà, Novartis ti gbà láti san mílíọ̀nù 103 bí ìwé náà bá jáde. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá 2023, FDA fọwọ́ sí oògùn SS wọn, Lyfgenia, ṣùgbọ́n kò fún wọn ní ìwé. Ìdí ni pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú oògùn tuntun náà ti wà nínú èyí tí wọ́n ti gba àṣẹ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, FDA ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ nípa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sára rẹ̀. Iye tí wọ́n fi lé e ni mílíọ̀nù 3.1 dọ́là. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, abánidíje wọn gba àṣẹ fún oògùn tirẹ̀, kò sí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀, mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ló sì pè é.

Ní 2025, àwọn ilé-iṣẹ́ ìdókòwò méjì, Carlyle àti SK Capital, ra bluebird. Owó tí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 30 dọ́là lọ. Ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ mẹ́ta ló ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á.

Ta wá ni abánidíje náà? Vertex ni, pẹ̀lú CRISPR Therapeutics. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ oògùn SS tiwọn, ó yẹ ká mọ ibi tí Vertex ti ń bọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ òwò náà wà. Joshua Boger kúrò ní Merck, ó dá Vertex sílẹ̀ ní 1989. Fún ọdún méjìlélógún, owó olówó ni wọ́n ń ná. Ní 2011 wọ́n gba àṣẹ fún Incivek, oògùn àrùn mẹ́dọ̀wú irú C, ọjà sì yá bí ìgbà tí wọ́n ń jà á gbà: láàárín ọdún kan, wọ́n tà tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Lẹ́yìn náà ni Gilead gbé Sovaldi jáde ní òpin 2013, oògùn tó yá jù, tó rọrùn lára jù. Ọjà Incivek rọ. Nígbà tó di 2014, Vertex fúnra rẹ̀ kéde pé òun ò tà á mọ́.

Ilé-iṣẹ́ tó bá jẹ́ oògùn kan ṣoṣo ló ní ì bá ti parí níbẹ̀. Àmọ́ Vertex ti ra ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní San Diego ní 2001, Aurora Biosciences, iṣẹ́ kan sì wà nínú rẹ̀ tí ẹni tó ń sanwó rẹ̀ kì í ṣe oníṣòwò. Ẹgbẹ́ àwọn òbí àti àwọn aláìsàn ni. Àìsàn tí wọ́n ń wá oògùn sí ni cystic fibrosis, àìsàn àjogúnbá tó ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki nínú ẹ̀dọ̀fóró títí mímí á fi di wàhálà. Ẹgbẹ́ náà, Cystic Fibrosis Foundation, kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn aláàánú, wọ́n sì fi nǹkan bí mílíọ̀nù 150 dọ́là sínú ìwádìí náà. Wọn ò sì fi í tọrẹ: wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí oògùn bá jáde, àwọn yóò ní ìdá nínú ọjà. Oògùn náà, Kalydeco, jáde ní 2012. Ní 2014, ẹgbẹ́ náà ta ẹ̀tọ́ wọn lórí ìdá yẹn ní bílíọ̀nù 3.3 dọ́là, owó tí wọ́n tún fi ń wá oògùn mìíràn. Ní 2019, Vertex gbé Trikafta jáde, èyí tó bá nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 àwọn aláìsàn náà lára mu, iye rẹ̀ sì ju 300,000 dọ́là lọ fún ẹnì kan lọ́dún kan. Nígbà tó fi di 2023, ilé-iṣẹ́ náà ń pa bíi bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là wọlé lọ́dún, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ láti inú àìsàn kan ṣoṣo yìí.

Ẹ dúró ká fi méjì wé méjì. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 40,000 ènìyàn ló ní cystic fibrosis, aláwọ̀ funfun ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde níbẹ̀ tó 100,000, aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù. Kí wá ni ìdí tí oògùn gidi fi tètè dé bá àwọn tí kò tó ìdajì? Ní òwò yìí, orí kọ́ ni wọ́n ń kà. Wọ́n ń wo ẹni tó lè fi owó sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ẹni tí yóò sanwó ní ìparí. Cystic fibrosis ní méjèèjì. Tiwa kò ní ọ̀kankan.

Owó cystic fibrosis ni Vertex wá fi wọ inú ọ̀rọ̀ SS. Emmanuelle Charpentier, tí òun àti Jennifer Doudna jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020 lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ń gé àbùdá tí wọ́n sì ń tún un ṣe, wà lára àwọn tó dá CRISPR Therapeutics sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní ìmọ̀, kò ní ọjà. Ní 2015 òun àti Vertex tọwọ́ bọ̀wé. Ní 2021 Vertex tún san mílíọ̀nù 900 dọ́là fún un, kí ipò aṣáájú àti ìdá 60 nínú èrè àti ìnáwó lè di tirẹ̀. Casgevy ni orúkọ oògùn SS tí wọ́n jọ ṣe. Wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á tún àbùdá kan ṣe nínú rẹ̀ kí ara lè padà máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń lò, èyí tí kì í tẹ̀. Wọ́n á fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn àtijọ́, wọ́n á sì dá sẹ́ẹ̀lì náà padà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni iṣẹ́ náà ń gbà lára ẹnì kan ṣoṣo, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é sílẹ̀ kó máa dúró de oníbàárà.

Abájọ tí ọjà fi lọ́ra. Ní odindi 2024, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là péré ni Casgevy pa wọlé. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni bluebird kò lè fara dà. Vertex kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀. Owó tó wọlé fún un látinú àwọn oògùn yòókù lọ́dún yẹn ju bílíọ̀nù mọ́kànlá dọ́là lọ. Ó lè dúró dìgbà tí ilé ìwòsàn bá mọ̀ ọ́n ṣe, tí ìjọba bá sì gbà láti sanwó. Ní oṣù kìíní 2025, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà. Ètò ìlera wọn, NHS, ní àwọn á máa ṣe é fún nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn lọ́dún ní England. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní London tí ìròyìn yẹn kàn gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó wà ní Ṣàgámù tàbí Ìlọrin kò sí nínú ìṣirò náà.

Ilé wa ni oògùn ilé-iṣẹ́ kẹrin ti wá, ó sì dùn mí jù nínú wọn. Àlùfáà P. O. Ògúnyalé, ọmọ Yorùbá, ní ìmọ̀ àgbo SS kan tó jẹ́ ti ìdílé wọn. Èròjà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ìyá eléwé-ọmọ tí kò mọ̀ wọ́n: èso ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Ní ọdún 1990 sí òkè díẹ̀, ó gbé e lọ fún NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ń darí nígbà náà. Wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn pé ẹni tó ni ìmọ̀ yóò jẹ nínú èrè, èyí tó ṣọ̀wọ́n láyé ìgbà yẹn. Wọ́n dán an wò, wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan. Ní 1998, Amẹ́ríkà fún NIPRD ní ìwé ẹ̀tọ́ pátẹ́ǹtì lórí rẹ̀.

Ní 2002, NIPRD gbé àṣẹ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan ní New Jersey, Xechem, fún òun nìkan, jákèjádò ayé. Xechem kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Sheda lẹ́bàá Abuja, NAFDAC fọwọ́ sí i, wọ́n sì ṣí ọjà rẹ̀ ní oṣù keje 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Inú wa dùn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ lo ìṣirò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Sẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń ra ìpín Xechem ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe dọ́là. Kò ní oògùn mìíràn tó ń tà tí yóò máa bọ́ ilé. Gbèsè ló fi ń ná. Náírà làwọn tó ń ra Nicosan fi ń sanwó, láti inú àpò ara wọn, kò sí NHS tó ń bá wọn san án, kò sì gba àṣẹ FDA tí ì bá jẹ́ kó rí dọ́là. Ní 2008, Xechem wọ ilé ẹjọ́ lọ wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè. Nicosan di àwátì lójà, àwọn tó ti ń lò ó ń wá a kiri.

Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ìyèré tàbí osùn. Ìjọba àti NIPRD fi dúkìá kan ṣoṣo lé ilé-iṣẹ́ tí kò lówó lọ́wọ́, láìfi ẹlòmíràn kún un. Ká ní wọ́n yọ Nàìjíríà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ́tọ̀ fún oníoògùn tó ti ń ta pára àti oògùn ibà lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n wá fún Xechem ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, Xechem ì bá ṣubú, Nicosan ì bá ṣì wà ní Ìbàdàn. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí NIPRD tó fi Niprisan lé May & Baker Nigeria lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ tó ní oògùn mìíràn tó ń tà. Irú ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò fi owó sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ló kù. Ní oṣù kẹwàá 2019, NIH, ilé ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, àti Gates Foundation kéde pé kálukú wọn yóò gbé ó kéré tán mílíọ̀nù 100 dọ́là kalẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n ń wá ìtọ́jú àbùdá fún SS àti HIV tó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ lásán, láìsí pé wọ́n ń pa mùdùnmúdùn ẹnikẹ́ni, tí ilé ìwòsàn ní Áfíríkà náà á lè ṣe. Gates Foundation ní òfin kan fún ẹnikẹ́ni tó bá gba owó rẹ̀: ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, ní iye tí apá wọn ká. Kí owó tó jáde ni wọ́n ti ń tọwọ́ bọ ìyẹn.